Orúkọ Pẹ́pẹ́yẹ Ni Mama Líbù Rántí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn bí ẹ̀rín ẹnu ara mi ṣe kó mi sí wàhálà ní Staten Island. Ẹ̀rín o! Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe èébú. Ẹ̀rín lásán ni mo rín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Fúnmi lorúkọ mi, Wakefield ni mo ń gbé, lókè Bronx lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Ìyá tí mo ń tọ́jú báyìí ń gbé ní St. George, níbi tí ferry ti ń gúnlẹ̀. Ẹ ṣáà rò ó wò! Màá wọ subway, màá sùn, màá jí, màá tún sùn, kí n tó wá bọ́ sínú ferry. Ọkọ mi ní ká ní Ìbàdàn ni mo ti gbéra ni, ǹ bá ti dé Èkó, ǹ bá sì ti jẹun.

Ọmọ ilẹ̀ Czech ni ìyá náà, ní àárín Yúróòpù. Líbùṣè ni wọ́n ń jẹ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá ni wọ́n sì ti ní kí n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Èmi? Kí n la ẹnu pe ìyá tó ju ìyá mi lọ lórúkọ? Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fun mi kọ̀. A wá jọ fẹnu kò sí Mama Líbù. Orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, àmọ́ iyè wọn jí pépé, ẹnu wọn sì mú.

Gbogbo Friday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a máa ń wo fíìmù. Fíìmù kan ṣoṣo náà ni o, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀! Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ti ilẹ̀ wọn láyé àtijọ́ ni, irú èyí tí bàbá, ìyá àtọmọ máa ń jókòó wò pọ̀. Àwòrán dúdú àti funfun ni, àmọ́ tí ẹ bá ń wá èèyàn dúdú níbẹ̀, ẹ máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan là ń wò? Torí pé Mama Líbù wà nínú ẹ̀ ni! Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n nígbà yẹn.

Ìtàn inú ẹ̀ rèé. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà kan ń fọ́nnu níbi iṣẹ́ pé ọ̀rẹ́ òun ni ọba kan ní Áfíríkà, ó sì ń bọ̀ wá jẹun nílé òun. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun náà á wá kí ọba. Yéè! Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Bàbá yìí bá sáré mú àbúrò ìyàwó ẹ̀, ó fi pólíìṣì bàtà kùn ún lójú, ó so aṣọ orí tábìlì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní ọba dé! Kábíyèsí wá ń sọ bùlú-bùlú-bùlú, ó ń yí ojú kiri, ó sì ń fi ọwọ́ jẹ kínẹ́dílíkì. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n wá gé bíi búrẹ́dì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń jẹun yẹn gan-an ni gbogbo ilé ń fi ṣẹ̀rín.

Ọwọ́ kẹ̀? Kí ló burú nínú ọwọ́? Èmi tí mo fọwọ́ jẹ iyán ní Sunday ńkọ́?

Ibi tí Mama Líbù ti wọlé nìyí. Ọmọ aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn, ó gbé pẹ́pẹ́yẹ tí ìyá ẹ̀ fi ránṣẹ́ dání. Ó ṣílẹ̀kùn, ojú ẹ̀ ko ti ọba, ó figbe ta: "Áááá!" Pẹ́pẹ́yẹ já bọ́, ó fò sórí tábìlì oúnjẹ. Ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ipa tí wọ́n kó nínú fíìmù náà kò ju pé kí wọ́n rí èèyàn dúdú, kí wọ́n lọgun!

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, wọ́n na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sí tẹlifíṣọ̀n, ojú wọn ń dán bíi tọmọ tó gba ipò kìíní. Wọ́n ní, "Èmi nìyẹn! Èmi nìyẹn!" Wọ́n wá yíjú sí mi.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Àgbà fi ohun tó dùn mọ́ wọn jù láyé hàn mí, kí n wá gbójú sókè ní ó bù mí kù? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá ṣàwàdà, ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ó pa ọmọ lẹ́rìn-ín tàbí kò pa á. Mo bá rẹ́rìn-ín. Mo tún fọwọ́ lu itan. Mo ní, "Mama, ẹ gbìyànjú o!"

Àṣìṣe mi nìyẹn. Mama Líbù ò mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tí nǹkan ò pa lẹ́rìn-ín ò ní rẹ́rìn-ín, ó tán. Wọ́n gba ẹ̀rín mi gbọ́ pátápátá. Àtọjọ́ náà, bó bá ti kù díẹ̀ kí ọmọ yẹn kanlẹ̀kùn, wọn ò ní wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, ẹnu mi ni wọ́n máa tẹjú mọ́. Ẹ̀rín mi wá ń dàgbà ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo ti fi àtẹ́wọ́ kún un, mo ti fi "yéè!" kún un. Mo kà á mọ́ iṣẹ́ ni, bíi kí n tún bẹ́ẹ̀dì ṣe.

Ṣùgbọ́n inú máa ń bí mi o, kí n má purọ́. Tí mo bá jókòó sínú ferry lọ́jọ́ Friday, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro mí, inú mi á sì bàjẹ́. Mo máa ń rò ó pé nínú gbogbo fíìmù gígùn yẹn, ẹyọ dúdú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, inú agolo pólíìṣì ló ti jáde!

Bí ọjọ́ ìbí Mama Líbù ṣe ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin! Wọ́n ní dandan, wọ́n máa fi fíìmù náà hàn nínú yàrá ìpàdé tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn, gbogbo ará ilé pátá sì ni wọ́n máa pè. Klára, ọmọ ọmọ wọn tó ń ṣe tíṣà ní Manhattan, ní kò jọ ọ́.

Mò ń fi òróró ra orúnkún wọn lọ́wọ́ nígbà tó pè, fóònù sì wà lórí speaker. Klára ní oríṣiríṣi èèyàn ló ń gbé inú ilé yẹn, èèyàn ò lè kó wọn jọ kó wá máa fi ẹni tí wọ́n kùn ní pólíìṣì hàn wọ́n. Ó ní bóyá kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Mama Líbù ní tó bá gé ibẹ̀, àwọn ló gé kúrò, àwọn ò sí níbòmíì nínú ẹ̀. Òótọ́ sì ni! Kò síbi téèyàn lè gé tí kò ní gé ọmọ yẹn àti pẹ́pẹ́yẹ ẹ̀ dànù.

Mama Líbù wá fa ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Wọ́n ní, "Ọmọ Áfíríkà gidi ló ń ra orúnkún mi lọ́wọ́ yìí, gbogbo Friday ló sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni máa dákú. Fúnmi, àbí irọ́ ni mo pa?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

Hẹn! Fúnmi ọmọ bàbá ẹ̀!

Lọ́jọ́ kejì, Klára fúnra ẹ̀ wá, ó bá mi ní kíṣìnì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, pé tó bá ń dùn mí, òun á fagi lé gbogbo ẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wá dá sí mi lọ́rùn! Ẹ́jẹ́ńsì tó gbà wá síṣẹ́ sì ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ bá ẹni tí à ń tọ́jú fa ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Mo wẹ̀yìn, mo rí aṣọ búlúù tuntun tí Mama Líbù gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn de ọjọ́ ìbí wọn. Kí n wá dúró ní kíṣìnì àgbà, kí n máa rojọ́ wọn fún ọmọ ọmọ wọn? Mi ò lè ṣe é. Mo ní kò sí wàhálà, pé ó dùn mọ́ mi.

Klára wò mí títí. Ó wá ní tó bá jẹ́ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ta lòun tí òun á máa jiyàn? Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rín mi ti di ìwé ẹ̀rí!

Mo pe Sister Bísí láti inú ferry. Inú kọ́áyà kan náà la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ kan náà la sì ń ṣe. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó wá ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ o jàre. Ṣé o fẹ́ pàdánù iṣẹ́ nítorí pólíìṣì ni?" Ó ní ṣùgbọ́n àwọn dúdú bíi tiwa tó ń gbé inú ilé yẹn ńkọ́, tí wọ́n bá rí mi tí mò ń rín in, kí ni wọ́n máa sọ? Ìbéèrè yẹn bá mi wọ subway, ó sì bá mi délé.

Ọ̀sán Saturday lọjọ́ náà bọ́ sí. Èèyàn tó ogójì ló wá, kéèkì wà nílẹ̀, Klára ti so projector mọ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ògiri funfun la fẹ́ máa wò. Mama Líbù wọ aṣọ búlúù, wọ́n jókòó níwájú, wọ́n sì ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ni kí n jókòó sí. Wọ́n fi ọ̀pá gbé ara wọn dìde, wọ́n kí gbogbo èèyàn káàbọ̀. Wọ́n ní àwọn kan ń bẹ̀rù pé fíìmù yìí máa dun ẹlòmíì. Wọ́n ní, "Ẹ máa wo Fúnmi. Tí Fúnmi bá rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín."

Ilẹ̀ ò tiẹ̀ lanu kí n wọlé!

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Pólíìṣì dé, bùlú-bùlú dé. Àwọn àgbà ilẹ̀ Czech tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá ń wo ojú ara wọn. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí obìnrin méjì tí wọ́n dúdú bíi tèmi, ọ̀kan ti káwọ́ pọ̀ sáyà. Ọmọ kanlẹ̀kùn. Mama Líbù di ọwọ́ mi mú. "Áááá!" Pẹ́pẹ́yẹ fò!

Orí ogójì yí sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń yí sí ẹni tí fóònù ẹ̀ dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lanu. Eyín jáde, ẹ̀rín ò jáde. Mo tún gbìyànjú ẹ̀, mo gbọn ikùn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé fíìmù ò dúró. Ibi tó kàn ni pé ọba sá jáde sí títì, pólíìṣì ń yọ́ lójú ẹ̀, àwọn èrò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń fi ṣẹ̀rín. Ó tó ọgbọ̀n ìgbà tí mo ti wo ibẹ̀, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré Mama Líbù la fi ń wò ó, oòrùn ojú wíńdò á sì tún máa tàn sí i. Lára ògiri yìí, gbogbo nǹkan tóbi. Lẹ́yìn obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí i.

Mo pariwo! "Klára, dá a dúró, jọ̀ọ́! Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀!"

Ọkùnrin dúdú kan ni. Kì í ṣe ti pólíìṣì o! Ó dúdú bíi bàbá mi, ó wọ kóòtù ńlá, ó dé fìlà, ó dúró sẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ gbà mí! Wọ́n ní ojúlówó níbẹ̀, wọ́n tún lọ ṣí agolo!

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo eyín ẹ̀ ló wà níta. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo ojú ẹ̀, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Mo mọ ẹ̀rín yẹn! Èmi náà ti ń rín in láti ọ̀pọ̀ oṣù wá!

Mo béèrè pé, "Mama, ta nìyẹn?"

Wọ́n tún jígí ojú wọn ṣe, wọ́n na ọrùn síwájú. Ara wọn rọ̀. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ni, pé àwọn ọmọ Áfíríkà máa ń wá kàwé nílùú àwọn nígbà yẹn, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni tiẹ̀ ń kọ́. Wọ́n ní òtútù mú lọ́jọ́ yẹn, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni wọ́n wọ̀ fún àwọn ọmọdé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún Mama Líbù. Ó tóbi débi pé wọn ò lè gbé pẹ́pẹ́yẹ dáadáa. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀gá tó ń ya fíìmù ní kí gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló rẹ́rìn-ín jù.

Klára wá béèrè pé kí lorúkọ ẹ̀.

Mama Líbù lanu. Wọ́n pa á dé. Wọ́n mi orí. Ẹ sì mọ̀ wá, a ò lè rí àgbà nínú ìtìjú ká má yọ wọ́n. Mo sáré ní, "Ó ti pẹ́, Mama, ta ló lè rántí?"

Wọ́n ní, "Andulka lorúkọ pẹ́pẹ́yẹ."

Wọ́n tún un sọ jẹ́jẹ́ pé, "Mo rántí orúkọ pẹ́pẹ́yẹ." Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n bi mí bóyá ó pa ọkùnrin yẹn lẹ́rìn-ín ní tòótọ́.

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mama, mi ò mọ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi, kò pa mí lẹ́rìn-ín rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Torí pé inú yín ń dùn ni mo ṣe ń rín in. Pólíìṣì yẹn dùn mí. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀rín yẹn dùn mí. Ẹ má bínú."

Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú ọwọ́ mi. Wọn ò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn ká ní wọ́n pariwo. Wọ́n ní kí Klára mú àwọn gòkè lọ. Kéèkì wà níbẹ̀ láìgé, lọ́jọ́ ìbí ọdún márùndínlọ́gọ́rin! Mò ń to àga jọ, mò ń sunkún. Obìnrin tó káwọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan wá bá mi tò ó, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Klára fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé kí n sinmi ná, kí n padà wá ní Friday. Sister Bísí ní, "Ó ti tán." Èmi náà mọ̀ pé ó ti tán. Ní Friday yẹn, mo mú ọ̀rá kan dání tí mo fẹ́ fi kó sálúbàtà àti kọ́ọ̀bù mi kúrò nílé wọn.

Mo wọlé, mo bá wọn nídìí tábìlì. Fíìmù wà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n dá a dúró. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti figbe ta ni wọ́n dá a dúró sí o. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ni. Wọ́n na páálí fíìmù náà sí mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi bírò kọ orúkọ gbogbo òṣèré sínú ẹ̀: bàbá, ìyá, ọba pólíìṣì, àwọn fúnra wọn, títí kan Andulka. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ti kọ nǹkan tuntun. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún mi: "Akẹ́kọ̀ọ́. Ó fún mi ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni." Àlàfo ló tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní àwọn ti pe gbogbo ẹni tí àwọn mọ̀ nílé, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà. Wọ́n ní àwọn bínú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ kìíní, èmi ni wọ́n bínú sí. Ọjọ́ kejì, Klára ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa bínú sí mọ́, ló bá ku àwọn nìkan.

Wọ́n wá gbé àwo síwájú mi. Kínẹ́dílíkì! Àwọn fúnra wọn ló sè é, tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo bù ú sẹ́nu, mo jẹ ẹ́, mo tún jẹ ẹ́, kò ṣeé gbé mì. Wọ́n ní báwo ló ṣe rí? Ẹnu mi ti yára: "Ó dùn gan-an, Mama!"

Wọ́n kàn ń wò mí. "Fúnmi."

Mo ní, "Mama, ó le. Ó le bí òkúta."

Wọ́n bu tiwọn sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi gan-an, èyí tó máa ń gba imú jáde bíi ti ẹlẹ́dẹ̀, tí ọkọ mi ní kí n má rín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mama Líbù dákẹ́, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Wọ́n ní, "Áà, bó ṣe máa ń dún nìyẹn!"

Mo gbé ọ̀rá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fọ ọwọ́, mo fi jẹ kínẹ́dílíkì náà pẹ̀lú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ló gbà á là.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé o. Mi ò ní kí ẹ má bọ̀wọ̀ fágbà, mo ṣì ń kúnlẹ̀, mo ṣì ń pe Mama Líbù ní Mama. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí kò dénú, ẹlòmíì lè mú un lọ fi jẹ́rìí níbi tí ẹ ò rán an, kó sì jẹ́rìí lòdì sí ẹlòmíì tó jókòó sẹ́yìn, tó káwọ́ pọ̀ sáyà. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn yín dénú á lè fara da òótọ́ yín, bó bá tiẹ̀ gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀rín wo lẹ ti rín rí torí ojú àgbà tàbí ojú ọ̀gá, tó wá dọ̀rọ̀ sí yín lọ́rùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ rín in, ojúlówó ẹ̀rín ni o!

Ohun kan ṣì kù. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó kàwé iṣẹ́ ẹ̀rọ nílẹ̀ Czech láyé ìgbà yẹn, tó sì sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kékeré kan rí tó gbé pẹ́pẹ́yẹ dání nínú òtútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ wọn fún mi. Mama Líbù ti fi àyè sílẹ̀ dè é.